Ẹ̀kọ́ Ọ̀sẹ̀ Yìí: Iye Tó Yẹ Kí Ayafọ́tò Tuntun Máa Gbà

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí iṣẹ́ kan tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láàrín wa, èyíinì ni iṣẹ́ fọ́tò yíyà. Kì í ṣe bí a ti ń ya fọ́tò ni a fẹ́ kọ́ yín, nítorí àwọn ọ̀gá tó ní ọmọṣẹ́ ń ṣe ìyẹn. Ohun tí a fẹ́ sọ ni bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, yóò ti ṣe mọ iye tó yẹ kí ó gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ̀kọ́ náà yóò wúlò bákan náà fún aránṣọ, onídìrí àti káfíńtà, nítorí ìṣirò kan náà ni ti gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì. Ọmọṣẹ́ a máa lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá. Yóò kọ́ bí a ti ń to iná, bí a ti ń mú kí àgbàlagbà jókòó pẹ̀lú iyì, bí a ti ń mú kí ọmọdé rẹ́rìn-ín, àti bí a ti ń tún àwòrán ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ òmìnira rẹ̀, àwọn ẹbí yóò péjọ, wọn yóò gbàdúrà, wọn yóò jẹ, wọn yóò sì mu. Ìyá rẹ̀ lè ti ta gààrí ọdún kan gbáko, bàbá rẹ̀ sì lè ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí wọ́n tó rí kámẹ́rà rà fún un. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, yóò rí i pé ó ku ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ òun: èló ni kí òun máa gbà?

Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe ni pé wọn a bi aládùúgbò léèrè iye tí ó ń gbà, wọn a sì gba iye kan náà, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ dín in kù kí èrò lè pọ̀. Èrò a sì pọ̀ lóòótọ́. Bí ó bá wá di ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, kámẹ́rà a dẹnu kọlẹ̀, kò ní sí owó tí a ó fi ra òmíràn, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù a tì, àwọn ènìyàn a sì máa sọ pé ayé ló ń bá ọmọ náà jà. Bí a bá yẹ ìwé owó rẹ̀ wò, bí ó bá ní ìwé owó rárá, a ó rí i pé kì í ṣe ayé. Ìṣirò ni kò ṣe.

BÍ Ó TI RÍ LÁYÉ FÍÌMÙ

Ọdún 1839 ni ìjọba ilẹ̀ Faransé fi ọ̀nà ìyafọ́tò tí Louis Daguerre ṣe han gbogbo ayé. Kò pẹ́ kò jìnnà, iṣẹ́ náà dé àwọn ìlú etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni Herzekiah Andrew Shanu, ẹni tí a bí ní 1858. Ó lọ sí Kóńgò ní 1884, nígbà tí ó sì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1893, ó ṣí ilé ìtajà ní ìlú Boma, ó sì ń ya fọ́tò pẹ̀lú òwò rẹ̀. Kò fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé nítorí àwòrán irun dídì àwọn obìnrin wa, ra kámẹ́rà Brownie ní 1950. Ó di òṣìṣẹ́ yàrá òkùnkùn ní ẹ̀ka ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn ní 1954, ṣùgbọ́n ó di 1975 kí ó tó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀ pátápátá láti dúró lórí ilé ìyafọ́tò tirẹ̀. Ó gbà á ní ọ̀pọ̀ ọdún láti mọ iṣẹ́ àti láti ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ìlú Bamako, ní ilẹ̀ Málì, Seydou Keïta ṣí ilé ìyafọ́tò tirẹ̀ ní 1948. Nítorí pé fíìmù wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó sábà máa ń tẹ kámẹ́rà fún oníbàárà kan. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí yóò rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ wa. Fíìmù kámẹ́rà ńlá onígun mẹ́rin kì í ju àwòrán 12 lọ. Bí ayafọ́tò bá ṣi ọ̀kan tẹ̀, owó ti lọ nìyẹn. Nẹ́gẹ́tíìfù a sì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí oníbàárà bá fẹ́ ẹ̀dà mìíràn lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni yóò padà sí. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gba owó lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ó sì bá ọgbọ́n mu nígbà náà.

Ní 1978, Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí fọ́tò yíyà láàrín Yorùbá. Ó ṣàlàyé bí àwọn ayafọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún ti ń ṣe bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú: wọn a ya èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì, wọn a sì tẹ àwòrán méjèèjì sórí ìwé kan, bí ẹni pé àwọn ìbejì náà jókòó ti ara wọn. Ìwé tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọwọ́ àti ìtùnú tó wà nínú rẹ̀ fún ìyá ìbejì ju ìwé lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn: kì í ṣe ìwé ni ayafọ́tò ń tà.

Lónìí, ènìyàn lè tẹ kámẹ́rà ní ìgbà 200 láìra fíìmù kankan, ìdí sì nìyí tí oníbàárà fi ń rò pé fọ́tò kò ná ayafọ́tò ní nǹkan. Fóònù ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Iṣẹ́ pásípọ́ọ̀tù pẹ̀lú kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí àwọn tó ń ṣe káàdì ìdìbò àti nọ́mbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ènìyàn fúnra wọn. Ohun tó kù fún ayafọ́tò ni èyí tí fóònù kò lè ṣe dáradára: àwòrán ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọ̀gbìn ní Alábàtà àti ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Àgbà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ọjọ́ ìbí, ìkómọjáde, ìgbéyàwó, oyè jíjẹ, àti àwòrán bàbá àti ìyá tí àwọn ọmọ fẹ́ gbé kọ́ sára ògiri.

ÌGBÉSẸ̀ MÁRÙN-ÚN TI ÌṢIRÒ

Gbogbo iye tí a ó dá nísàlẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ ni. Kí olúkúlùkù mú ìwé àti gègé, kí ó sì fi iye tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Èkíní: owó ìpààrọ̀ irinṣẹ́. Irinṣẹ́ ń gbó lójoojúmọ́ bí bàtà ti ń gbó, bí a kò tilẹ̀ rí i. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé kámẹ́rà jẹ́ ₦480,000, tí a sì retí pé yóò lo ọdún mẹ́rin. Owó rẹ̀ lóṣù kan jẹ́ ₦10,000. Iná, aṣọ ẹ̀yìn àti àga jẹ́ ₦144,000 fún ọdún mẹ́ta, ₦4,000 lóṣù. Ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ fọ́tò jẹ́ ₦216,000 fún ọdún mẹ́ta, ₦6,000 lóṣù. Jẹnẹrétọ̀ jẹ́ ₦240,000 fún ọdún mẹ́rin, ₦5,000 lóṣù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦25,000 lóṣooṣù. Kí a máa kó owó yìí fún alájọ, tàbí kí a fi í pamọ́ sí báńkì tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí a má sì fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ tí irinṣẹ́ yóò kú.

Èkejì: ìnáwó oṣooṣù, yálà oníbàárà wá tàbí kò wá. Owó ilé ₦120,000 lọ́dún jẹ́ ₦10,000 lóṣù. Bẹntiróòlù àti iná mànàmáná, ₦30,000. Owó fóònù àti ti íntánẹ́ẹ̀tì, ₦5,000. Owó ọkọ̀, ₦8,000. Owó ẹgbẹ́ àti ti ìjọba ìbílẹ̀, ₦2,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦55,000. Bí a bá fi ₦25,000 ti irinṣẹ́ kún un, ó di ₦80,000.

Ẹ̀kẹta: owó ọ̀yà ayafọ́tò fúnra rẹ̀. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ohun tó bá kù sínú àpótí ni tiwọn. Bí wọ́n bá gba ènìyàn sí ṣọ́ọ̀bù náà, ṣé wọn kò ní san owó oṣù fún un? Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 fi ₦70,000 ṣe owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́, tó sì fi owó ara rẹ̀ ra irinṣẹ́, kò ṣe àṣejù bí ó bá dá ₦100,000 lé ara rẹ̀. Kí ó fi ₦20,000 kún un fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ àti fún ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá di ₦200,000.

Ẹ̀kẹrin: iye oníbàárà. Kí a má ṣe ka iye tí a ń fẹ́; iye tí a lè rí ni kí a kà. Bí ó bá jẹ́ 40 lóṣù, a ó pín ₦200,000 sí ọ̀nà 40, ẹni kọ̀ọ̀kan yóò sì ru ₦5,000. Bí ó bá jẹ́ 25 péré, ẹni kọ̀ọ̀kan yóò ru ₦8,000. Bí ó bá tó 50, yóò jẹ́ ₦4,000. Ẹ rí i pé ìwà rere, ìmọ́tótó ṣọ́ọ̀bù àti pípa àdéhùn mọ́ jẹ́ ara ohun tó ń mú iye rọlẹ̀, nítorí wọ́n ń mú oníbàárà pọ̀.

Ẹ̀karùn-ún: ohun èlò tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Bí a bá fún un ní ẹ̀dà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ná wa ní ₦400, tí àpò rẹ̀ sì jẹ́ ₦200, ó jẹ́ ₦1,000. Fi èyí kún ₦5,000. Iye tó yẹ kí ayafọ́tò yìí gbà ni ₦6,000.

ẸNI TÓ Ń JẸ KÁMẸ́RÀ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá gba ₦3,000 nítorí pé aládùúgbò ń gbà á. Yọ ₦1,000 ti ohun èlò kúrò, ó ku ₦2,000. Ní ọ̀nà 40, ó jẹ́ ₦80,000. Iye yìí gan-an ni ti ìnáwó oṣooṣù àti ti irinṣẹ́. Kò ku kọ́bọ̀ kan fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè ṣe kí ó má jẹun. Nítorí náà yóò mú ₦25,000 ti irinṣẹ́, yóò fi jẹun. Lọ́jú ara rẹ̀, ó rò pé èrè ni òun ń jẹ. Kámẹ́rà ni ó ń jẹ, díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù, títí yóò fi jẹ ẹ́ tán.

Ẹnìkan lè béèrè pé, "Báwo ni aládùúgbò náà ṣe ń rí i ṣe?" Ó lè jẹ́ pé òun ló ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, tí kò san owó ilé. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́. Àwòrán 20 ọdún lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń wá tẹ ẹ̀dà rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òun náà ń jẹ kámẹ́rà tirẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kí ayafọ́tò tuntun má ṣe fi iye ẹni tó ti ní àkísà ṣe tirẹ̀.

TI PÁSÍPỌ́Ọ̀TÙ ŃKỌ́?

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń gba àkókò kan náà. Bí iṣẹ́ fọ́tò ńlá kan, láti orí ìjókòó títí dé àtúnṣe àti títẹ̀, bá gba ìṣẹ́jú 90, tí pásípọ́ọ̀tù sì gba ìṣẹ́jú 18, ìdá kan nínú márùn-ún ni. Ìdá kan nínú márùn-ún ₦5,000 jẹ́ ₦1,000. Fi ìwé ₦200 kún un, ó di ₦1,200. Bí ayafọ́tò bá rí oníbàárà 30 fún fọ́tò ńlá, ₦150,000 nìyẹn. Bí ó bá rí 50 fún pásípọ́ọ̀tù, ₦50,000 nìyẹn. Ó sì pé ₦200,000. Ní ti iṣẹ́ òde, bí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, kí a ka gbogbo wákàtí tí a ó lò, títí kan èyí tí a ó fi ṣe àtúnṣe lẹ́yìn ayẹyẹ, kí a sì fi owó ọkọ̀ àti owó olùrànlọ́wọ́ kún un. Kí a má ṣe dá iye iṣẹ́ òde lórí ìdúró.

ÌDÚNÀÁDÚRÀ

A mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀gbá kì í ra nǹkan láìná an. Kò burú. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ti lè lọ:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èló lẹ máa gbà, èmi àti ọmọ-ọmọ mi?"

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. ₦6,000 ni, ẹ ó sì gba ẹ̀dà méjì."

"Háà! Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ gba owó ọjà ọwọ́ mi tán ni? ₦3,000 ni ẹnìkejì rẹ ń gbà."

"Ẹ má bínú, Màmá. Iṣẹ́ ₦4,000 wà. Ìdúró kan ṣoṣo ni, kò sì ní gbà ju wákàtí kan lọ; ẹ̀dà kan ni a ó tẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá mú ti ₦6,000, n ó fi ẹ̀dà kékeré kan ṣe èènì fún ọmọ yín."

Ẹ wo ohun tí ọmọ yìí ṣe. Kò bú aládùúgbò rẹ̀, kò sì dín iye kù lásán. Iṣẹ́ ni ó dín kù. Wákàtí kan jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú 90, ìdá méjì nínú mẹ́ta ₦5,000 kò pé ₦3,400, ẹ̀dà kan pẹ̀lú àpò jẹ́ ₦600. ₦4,000 gbé e. Èènì rẹ̀ kò ná an ju ₦200 lọ. Bí ó bá ṣe é fún ènìyàn 40, ₦8,000 ni, yóò sì yọ ọ́ nínú ₦20,000 ti ìdàgbàsókè. Bí ó bá jẹ́ pé ₦1,000 ni ó dín kù fún ẹni kọ̀ọ̀kan, ₦40,000 ni ìbá sọnù. Kí a kọ irú iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta àti iye wọn sára pátákó, kí a gbé e kọ́ síbi tí ojú yóò ti rí i, kí ẹni tó mọ̀wé má baà san iye kan, kí ẹni tí kò mọ̀wé sì san òmíràn.

ÀWỌN ÀṢÀ TÓ Ń DÁÀBÒ BO OWÓ

Kí a gba ìdajì owó kí a tó ya fọ́tò, kí a sì gba ìyókù kí a tó fi iṣẹ́ lé oníbàárà lọ́wọ́. Fọ́tò kì í ṣe iṣu. Bí ẹni tó ni ín kò bá wá gbà á, kò sí ẹlòmíràn tí yóò rà á. Kí a kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí sínú ìwé ẹ̀rí owó, kí a sì pa á mọ́. Kí a fi àwòrán pamọ́ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sọ iye ẹ̀dà tuntun àti iye àwòrán tí a ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ni ó ṣòro jù. Ẹ̀gbọ́n yóò wá, àbúrò ìyá yóò wá, ọ̀gá tó kọ́ni níṣẹ́ yóò ní kí a bá òun ya ọmọ òun. A kò sọ pé kí a lé wọn. Ṣùgbọ́n oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀bùn, kí ó mú ₦6,000 nínú owó ọ̀yà tirẹ̀, kí ó san án sínú àpótí ṣọ́ọ̀bù, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀bùn ni. Yóò mọ iye ẹ̀bùn tí apá rẹ̀ ká lóṣù kan.

Ní ìparí, kí a tún ìṣirò ṣe ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàrín ọjọ́ díẹ̀, jálá bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 ti kọjá ₦480. Ẹni tí kò tún ìwé rẹ̀ wò ní oṣù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara rẹ̀ tan iná fún oníbàárà láìmọ̀. Bí iye bá máa yí padà, kí a sọ fún àwọn oníbàárà ṣáájú, kí a sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ènìyàn a máa gba òtítọ́ ju bí a ti rò lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Irinṣẹ́ wo ni ẹ ń lò lẹ́nu iṣẹ́ yín? Èló ni, ọdún mélòó ni yóò lò, èló ni ó sì yẹ kí ẹ máa fi pamọ́ fún un lóṣù?
2. Bí ayafọ́tò inú àpẹẹrẹ wa bá rí oníbàárà 32 péré fún fọ́tò ńlá lóṣù, èló ni yóò gbà lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan? (Ìdáhùn: ₦7,250.)
3. Kí ni ẹ ó sọ fún ẹ̀gbọ́n yín tó bá ní kí ẹ ya òun lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìgbà mẹ́rin lóṣù kan?

Kí ẹni tó mọ ìṣirò bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe é. Bí ọ̀dọ́ kan bá wà ní abúlé yín tó fẹ́ gba òmìnira lọ́dún yìí, ẹ ka ìwé yìí sí i létí kí ọjọ́ náà tó pé. Ó dìgbà kan ná o.